Láti Zawan dé Ìsàlẹ̀ Òkè Kibo

Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé Zawan lè béèrè pé òkè Jos tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ dà. Títì ńlá tó so Jos pọ̀ mọ́ Bukuru gba ibẹ̀ kọjá, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Mọ́tò ń sáré, àwọn obìnrin to kárọ́ọ̀tì àti kábéèjì sẹ́bàá títì, ilé sì lọ rẹrẹẹrẹ lọ́tùn-ún lósì. Béèyàn bá wo ọ̀ọ́kán, yóò rí àpáta mélòó kan tó dá dúró láàárín pápá, àmọ́ ilẹ̀ tó ń tẹ̀ kò ní sọ fún un pé ó ti fi ohun tó lé ní 1,200 mítà ga ju òkun lọ. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló ń rí Jos Plateau bí òkè. Lójú ẹni tó wà lórí rẹ̀, pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni.

Alùpùpù ló kọ́kọ́ mọ̀. Èyí tí ọ̀rẹ́ wa kan fi ọkọ̀ ẹrù gbé wá láti Ìbàdàn kọ̀, kò sáré mọ́. Bí a bá ti fún un níná, á wúkọ́, á tú èéfín dúdú, á sì fẹ́ kú. A gbé e lọ bá bàbá mẹ́káníìkì kan nítòsí oríta Zawan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Bukuru. Bàbá náà ń bá wa sọ Yorùbá, ó ń fi Hausa bá ọmọọṣẹ́ rẹ̀ wí, ó sì ń fi èdè Berom dáhùn ìyá tó ń kí i láti òdìkejì títì. Ó fa wáyà orí púlọ́ọ̀gì yọ, ó fi sípánà tú púlọ́ọ̀gì náà, ó sì nà án sí wa. Ẹnu rẹ̀ dúdú kirikiri, èédú gbígbẹ tí ìka lè nù kúrò ló bò ó.

“Epo ń pọ̀ jù fún un ni,” bàbá ní. “Afẹ́fẹ́ ibí fúyẹ́. Ìwọ̀n Ìbàdàn ló ṣì ń jẹ.”

Òótọ́ ni. Ní ibi tó ga tó báyìí, afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì fi bí ìdá kan nínú mẹ́jọ dín sí ti etí òkun, kábúrétọ̀ kò sì mọ̀, iye epo tí wọ́n dá fún un ló ń pọ̀ síta. Bàbá fi búrọ́ọ̀ṣì onírin họ ojú púlọ́ọ̀gì. Ó ṣí kábúrétọ̀, ó rẹ abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ sílẹ̀ ní ìpele kan, ó dì í padà. Lẹ́yìn náà ló ta á, tó sì ń yí síkúrù idẹ kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, tí kò wò ó rárá. Etí ló fi ń ṣe é. Ìró ẹ́ńjìnnì náà ń rìn gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀, ó dọ́gba, ó tún ṣì, ó wá jókòó. Bàbá gbé ọwọ́ kúrò.

“Ẹ ṣé o, Bàbá. A fẹ́ gùn ún dé ibi omi Assop lónìí ni.”

“Ẹ máa lọ. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá dé Kibo, ẹ má gbá bíréèkì mú o. Jíà kejì ni kẹ́ ẹ fi sọ̀.”

Ìparí oṣù kẹwàá ni. Òjò ti ń palẹ̀ mọ́, ọ̀yẹ́ ò tíì dé, síbẹ̀ súwẹ́tà ò tó ẹni tó bá wà lórí alùpùpù ní aago méje àárọ̀ nílẹ̀ yìí. Atẹ́gùn ń gba ọrùn ọwọ́ wọlé. Bukuru kún fún kẹ̀kẹ́ Márúwá, torí ó ti pẹ́ tí ìjọba ti lé ọ̀kadà akérò kúrò nígboro, kálukú sì ń wò wá bí a ṣe ń kọjá. Lójú tèmi, ẹni tó jókòó sẹ́yìn ló ń jẹ ìgbádùn irú ìrìn yìí: ẹni iwájú ń wo kòtò, ẹni ẹ̀yìn ń wo ayé.

Ohun tó kọ́kọ́ pọ̀ lójú ni adágún omi. Títì á máa lọ jẹ́jẹ́, ilẹ̀ á sì ṣàdédé já lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ihò ńlá tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró ṣánṣán, omi aláwọ̀ ewé nísàlẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa omi sí oko pòtétò ń dún létí rẹ̀. Ìwakùsà tánńganran ló gbẹ́ wọn. Nítorí kùsà yìí ni ọkọ̀ ojú irin kékeré fi ti Zaria dé Bukuru ní 1914, tí irin ńlá fi dé Jos ní 1927. Ìṣòwò tó bá a rìn ló gbé àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ bíi bàbá mẹ́káníìkì wa dé ìhín. Nígbà tí Japan gba Malaya mọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ní 1942, tánńganran ibẹ̀ bọ́ sọ́nù, ìjọba amúnisìn sì fi tipátipá kó nǹkan bí 100,000 ọkùnrin wá síbí láti wa kùsà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò padà sílé. Abúlé Bisichi wà lápá Barkin Ladi. Títí dòní ni ilé-iṣẹ́ ìwakùsà kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1910 ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní London. Àwọn ọmọ Berom tó ni ilẹ̀ ló jogún ihò.

Lẹ́yìn Kuru, ilé fọ́nká. Orọ́ ni àwọn Berom fi ṣe ọgbà yí agbo ilé wọn ká, ó ga ju èèyàn lọ, ó dì pinpin. Màlúù ò lè gbà á kọjá, ọmọdé sì mọ̀ pé oje funfun inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ojú. Ọ̀nà tóóró ló la àárín rẹ̀ wọlé, ẹni tó wà níta kò lè rí ẹni tó wà nínú. Ọkà tí wọ́n ń pè ní ácha ti pọ́n lóko, ó kéré débi pé a kọ́kọ́ rò pé koríko lásán ni.

Ní Riyom, àpáta ńláńlá gun orí ara wọn lẹ́bàá títì, bí ẹni gbé iyán lé orí iyán. Èèyàn á dúró wò ó, á máa ronú ohun tó mú tòkè dúró. Òjò àti oòrùn ló ṣe iṣẹ́ náà: wọ́n jẹ ibi tó rọ̀ lára àpáta, wọ́n ṣẹ́ ibi tó le kù. A ya fọ́tò, a lọ. Àwọn ṣọ́jà tó wà lẹ́yìn àpò yanrìn níwájú béèrè ibi tí à ń lọ, ọ̀kan sì fi Hausa sọ pé kí ilẹ̀ má ṣú bá wa lójú títì yìí. A ò bi í léèrè ìdí. Gbogbo ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ló mọ ohun tójú àwọn abúlé Riyom àti Barkin Ladi ti rí lọ́wọ́ àwọn agbébọn.

Ìgbà náà la dé Kibo, ilẹ̀ sì tán. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí a ti ń gùn láti àárọ̀ ṣàdédé parí, títì yí sápá òsì, ó sì forí lé ìsàlẹ̀. Iwájú wa, ilẹ̀ mìíràn ló tẹ́ sílẹ̀ lọ́hùn-ún, igi rẹ̀ kéré, kùrukùru bo àárín rẹ̀. Jíà kejì. Ẹ́ńjìnnì ń kùn, ó ń fa wa sẹ́yìn. Etí wa dí, ó là, ó tún dí. Òórùn bíréèkì àwọn tirélà gbalẹ̀ kan, ooru sì pàdé wa láàárín ọ̀nà, àfi bí a ṣe dúró tí kálukú bọ́ súwẹ́tà. Bí 600 mítà ni ìyàtọ̀ láàárín òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀ ìsàlẹ̀ níhà ibí yìí.

Omi Assop kò jìnnà sí títì. Ó ń ya wálẹ̀ láàárín àpáta ní ọ̀nà púpọ̀, ó funfun, ariwo rẹ̀ ò jẹ́ ká gbọ́ra wa. A wẹ̀, a jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀pà.

Gígòkè ló yọni lẹ́nu. Alùpùpù tó gbé èèyàn méjì kò lè ju jíà kìíní lọ, afẹ́fẹ́ sì tún ń fúyẹ́ sí i bí a ṣe ń lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tirélà kan tó kó sìmẹ́ǹtì ń rá pálá. Ọmọọṣẹ́ rẹ̀ ń fẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé e, igi ìdènà lọ́wọ́, pé bó bá yí sẹ́yìn, kó sọ ọ́ sábẹ́ táyà. Ní ibi tó dúró ṣánṣán jù, ẹ̀gbọ́n tó tóbi jù nínú wa ní láti sọ̀ kalẹ̀, ó sì ń rìn bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà.

“Sannu da aiki,” ni ọmọ náà fi Hausa kí i, pé ó kú iṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n wa nu òógùn, ó fi Yorùbá dá a lóhùn pé òun kì í ṣe òṣìṣẹ́ o, òun sanwó epo.