Ìyàwó ń ta pọ̀nmọ́ l'Óṣòdì, ọkọ lóun ò jẹran mọ́

Ẹnu la fi ń kọ “mi ò jẹ”, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé Èkó, tó ń jáde nílé kílẹ̀ tó mọ́, tó sì jẹ́ pé etí títì ló ti ń jẹun, onítọ̀hún mọ̀ pé kíkọ oúnjẹ kọjá ohun tí ẹnu nìkan lè dá ṣe. Ojú àwọn èèyàn wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀, ìyàwó ilé náà sì ní tirẹ̀ láti sọ.

Ẹ wo baálé ilé kan tó ń wa dánfó láti Òṣòdì sí Ìsọlọ̀. Ẹni ọdún 49 ni. Kó tó di pé nǹkan yí padà, ẹ̀wà àgànyìn tí epo ń ṣàn lórí rẹ̀ àti búrẹ́dì Agége ló fi ń panu láàárọ̀. Tó bá di ọ̀sán, bùkà ló kù: àmàlà pẹ̀lú ṣàkì, ẹ̀dọ̀, bọ̀kọ́tọ̀ àti pọ̀nmọ́ Ìjẹ̀bú tó nípọn dáadáa. Bí ọkọ̀ bá há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù ló fi ń tu ọ̀fun. Tó bá délé lálẹ́, pọ̀nmọ́ tún ni, torí ìyàwó rẹ̀ ló ń tà á lọ́jà Òṣòdì. Tí wọ́n bá dárúkọ ẹ̀fọ́, á ní ewúrẹ́ ló ń jẹ ewé.

Ọjọ́ Sátidé kan ni àwọn nọ́ọ̀sì wá sí gáréèjì wọn láti yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò lọ́fẹ̀ẹ́. Kọ̀ndọ́ rẹ̀ ló tì í lọ, ó ní, “Ọ̀gá, ọ̀fẹ́ mà ni o.” Nọ́ọ̀sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó ní kó sinmi díẹ̀, ó tún un wọ̀n. Ohun kan náà ló ń rí: 168 lórí 104. Bẹ́ẹ̀, tó bá ti tó 140 lórí 90, tí kò sì lọ sílẹ̀, làwọn dókítà ti ń pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

“Bàbá, ṣé orí ò fọ́ yín?” Ó ní rárá. “Ṣé òòyì ò kọ́ yín?” Ó ní nǹkan kan ò ṣe òun. Nọ́ọ̀sì náà ní, “Ibi tó ti burú nìyẹn. Kì í pariwo kó tó gbé èèyàn ṣánlẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára, torí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ń wakọ̀ ti wà nílé láti bí ọdún kan, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ò ṣiṣẹ́ mọ́, ìyàwó ló ń bu oúnjẹ sí i lẹ́nu. Ó lọ sọ́sibítù. Wọ́n fún un lóògùn tí yóò máa lò lójoojúmọ́, wọ́n ní kó dín iyọ̀ àti ọ̀rá kù, kó máa jẹ ẹ̀fọ́, kó sì máa fẹsẹ̀ rìn. Dókítà ò sọ pé kó má jẹran mọ́ láéláé o. Òun fúnra rẹ̀ ló délé tó kéde pé ohunkóhun tó bá ti lójú, òun ò jẹ ẹ́ mọ́.

Wàhálà dé. Lọ́dún 2022, nígbà tí ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ nípa awọ ní Zaria ní kí wọ́n ṣòfin tí yóò fòpin sí jíjẹ pọ̀nmọ́, obìnrin yìí wà lára àwọn tó pariwo lọ́jà. Tìjọba ò tíì ṣẹ, ọkọ wá ṣòfin tiẹ̀ nínú ilé.

“Háà, Bàbá wọn!” Obìnrin náà ká ọwọ́ lérí. “Pọ̀nmọ́ tí mò ń tà la fi san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ. Pọ̀nmọ́ la fi ra ẹ́ńjìnnì tó wà nínú bọ́ọ̀sì yín. Táwọn oníbàárà mi bá gbọ́ pé ọkọ mi kì í jẹ ohun tí mò ń tà, ta ló máa rà á lọ́wọ́ mi?”

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ní Èkó, tí èèyàn bá ní òun ò jẹran, ohun tí wọ́n máa ń rò ò ju méjì lọ: bóyá owó ti tán lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí ẹnì kan ka èèwọ̀ fún un. Àwọn ará àdúgbò rò ó méjèèjì. Àwọn kan tiẹ̀ ní ó ti wọ ẹgbẹ́.

Níbi òkú tí àwọn àna rẹ̀ ṣe l'Éjìgbò ni ọ̀rọ̀ ti fẹ́ẹ́ dìjà. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó fúnra rẹ̀ ló gbé àwo ìrẹsì wá, ẹsẹ̀ màlúù gbàǹgbà lórí rẹ̀. Ọkùnrin yìí ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ ẹran yẹn kúrò.” Ojú ẹ̀gbọ́n yí padà. Ó ní, “Ṣé oúnjẹ tiwa ti di májèlé ni?” Ẹran orí àwo kúkú ni wọ́n fi ń mọ ẹni tí wọ́n kà sí lóde ìnáwó. Ìyàwó ló sáré dé látẹ̀yìn. “Bọ̀dá mi, ẹ gbé ẹran náà fún mi. Dókítà ló ní kí wọ́n máa ṣọ́ oúnjẹ wọn. Àbí ẹ fẹ́ kí n dopó ni?” Gbogbo wọn dákẹ́. Obìnrin tó ń bá a jà nílé ló gbà á sílẹ̀ lóde.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọkọ ò tètè mọ̀. Ní oṣù àkọ́kọ́, ẹran lọ lóòótọ́, àmọ́ búrẹ́dì funfun, dòdò, gààrí oníṣúgà àti ẹlẹ́rìndòdò dúró. Ṣúgà ò kúkú lójú, epo tí wọ́n fi dín dòdò ò lójú, iyọ̀ náà ò lójú. Nígbà tó padà lọ wọn ẹ̀jẹ̀, ohun tí ìwọ̀n náà fi wálẹ̀ ò ju táṣẹ́rẹ́ lọ. Nọ́ọ̀sì ló wá là á yé e: kí èèyàn pa ẹran tì nìkan ò tó. Oúnjẹ tó wá láti oko tí wọn ò tíì bó èèpo rẹ̀ dànù, tí wọn ò kó iyọ̀ àti ṣúgà lé lórí, tí wọn ò sì rì bọnú epo gbígbóná, òun ló ń ṣara lóore.

Ìyàwó tó ń ta pọ̀nmọ́ yìí náà ló wá rántí ohun tí ìyá ìyá rẹ̀ máa ń sè. Ó se àdàlú, ẹ̀wà pẹ̀lú àgbàdo. Ó se èkuru. Ó ro ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ó fi ìrù aládùn sí i, ó gé olú sínú rẹ̀ níbi tí ẹran ìbá wà. Gbẹ̀gìrì àti ewédú padà sórí àmàlà, àmàlà náà ò sì tó òkìtì mọ́. Láàárọ̀, ọkọ ń gbé kúlà ẹ̀wà dání lọ sí gáréèjì. Tí ebi bá pa á lọ́nà, bọ̀lì àti ẹ̀pà wà létí títì, ọsàn wà, ìbẹ́pẹ wà. Ó sì ń fẹsẹ̀ rìn wákàtí àbọ̀ kó tó tan ọkọ̀.

Àwọn kan ní àṣà òyìnbó ni. Irọ́ ni. Lọ́dún 1997, Richard Cooper àti àwọn onímọ̀ ìṣègùn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ kan jáde lórí àwọn èèyàn bí 10,000 tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nínú 100 àgbàlagbà, 16 ló lẹ́jẹ̀ ríru ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, 26 ní àwọn erékùṣù Karíbíà, 33 láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Ìran kan náà ni gbogbo wọn. Sísanra àti iyọ̀ wà lára ohun tó fa ìyàtọ̀. Lọ́dún 2015 ẹ̀wẹ̀, wọ́n gbé àbájáde mìíràn jáde: fún ọ̀sẹ̀ méjì, 20 aláwọ̀ dúdú láti Pittsburgh jẹ oúnjẹ oko bíi ti Áfíríkà, 20 ará abúlé ní South Africa sì jẹ ẹran àti ọ̀rá bíi ti Amẹ́ríkà. Ìfun àwọn ará Amẹ́ríkà balẹ̀, àmì tó lè kó jẹjẹrẹ wá sì pọ̀ sí i nínú ìfun àwọn ará South Africa. Ẹni tó bá ń jẹun bíi ti Amẹ́ríkà ní Òṣòdì, Òṣòdì náà ni àìsàn Amẹ́ríkà yóò ti bá a.

Àmọ́ ẹ má fi wàdùwàdù ṣe é. Ẹni tó bá pa ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà tì pátápátá kò ní rí fítámì B12 tó nínú oúnjẹ, àfi kó máa lo oògùn rẹ̀. Aláboyún àti ẹni tó bá fẹ́ fi ọmọdé sí i gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà kò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní iyọ̀ èèyàn lóòjọ́ ò gbọdọ̀ tó gíráàmù 5, ìyẹn ò kún ṣíbí tíì kan, iyọ̀ inú màgí sì wà nínú ẹ̀. Wọ́n tún ní kí ẹ̀fọ́ àti èso tí èèyàn ń jẹ tó gíráàmù 400 lóòjọ́.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, 136 lórí 84 ni nọ́ọ̀sì rí lára awakọ̀ wa. Ó ṣì ń lo oògùn rẹ̀. Ìkòkò ọbẹ̀ kan ni wọ́n ń sè nílé. Ẹni tó bá fẹ́ pọ̀nmọ́ á bu tiẹ̀ látinú ìkòkò kékeré. Ọjà ò kú. Oníbàárà kan béèrè lọ́wọ́ ìyàwó bóyá lóòótọ́ ni ọkọ rẹ̀ kì í jẹ ẹ́, ó ní, “Òun ò jẹ ẹ́, èmi ń jẹ ẹ́. Ti èló ni kí n gé fún yín?”

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé nǹkan kan ò ṣe yín, ohun tí awakọ̀ yìí náà sọ nìyẹn. Ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ yín lọ́sẹ̀ yìí.