Ohun Tí Ẹ̀kọ́ Ẹ̀rọ Gbà Lọ́wọ́ Mi

Bí èsì báàkì bá ti jáde lóṣù keje, àwọn òbí a máa wá mi wá nílé ní Parakou. Wọ́n á ní ọmọ àwọn mọ ìṣirò, ó sì fẹ́ràn ẹ̀rọ, ṣé kí àwọn jẹ́ kó lọ kọ́ génie mécanique. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, iṣẹ́ wo gan-an ló wà nídìí ẹ̀?" Ìdáhùn kúkúrú kò lè ṣe wọ́n láǹfààní kankan. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, àtèyí tó dùn àtèyí tó korò.

Ọmọ oníṣòwò ní ọjà Arzèkè ni mí. Ìlú tí wọ́n bí wa sí yìí, ẹ̀rọ wà lára ohun tó sọ ọ́ di ńlá. Ojú irin tó ti Kútọnu wá, kìlómítà 438, Parakou ló parí sí ní 1936. Wọ́n fẹ́ gbé e dé ilẹ̀ Niger, kò dé ibẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń rìn, ẹrù tó bá ń lọ sí Niger ní láti sọ̀ kalẹ̀ níbí, kó bọ́ sínú ọkọ̀ akẹ́rù. Ibi tí ọkọ̀ akẹ́rù bá pọ̀ sí, mẹkáníìkì, wẹ́dà àti tọ́nà tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin á pọ̀ níbẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yọ kóró òwú náà dé, torí pé àríwá ni òwú ilẹ̀ Benin ti ń wá jù, láti Banikoara, Kandi àti Bembèrèkè. COBEMAG tẹ̀dó sí Parakou bákan náà, àwọn tó rọ ohun ìtúlẹ̀ tí màlúù ń fà àti kẹ̀kẹ́ ẹrù fún àwọn àgbẹ̀.

Síbẹ̀, ọmọ Parakou tó bá fẹ́ kọ́ ìmọ̀ yìí dójú àmì, gúúsù ló ń kọrí sí. Yunifásítì Parakou, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2001, ìmọ̀ àgbẹ̀, ìṣègùn, òfin àti ọrọ̀ ajé ló fi lókìkí. Ẹni tó ń wá ìmọ̀ ẹ̀rọ á lọ sí ilé ẹ̀kọ́ EPAC ní Abomey-Calavi, tàbí kó lọ sí INSTI ní Lokossa, lábẹ́ yunifásítì UNSTIM tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Abomey. Ẹ̀rọ wà lókè, ilé ẹ̀kọ́ wà nísàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, màá padà sórí rẹ̀.

Abomey-Calavi ni mo lọ. Ọdún mẹ́ta ni licence professionnelle, ọdún márùn-ún ni ti ingénieur de conception. Oríṣi ọmọ méjì ló pàdé ní kíláàsì wa. Àwọn tó ti série C wá, ìṣirò rọ̀ wọ́n lọ́rùn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kò tíì fi fáìlì ha irin rí. Àwọn tó ti série F1 wá, irú àwọn ọmọ Lycée Technique Coulibaly ní Kútọnu, ọwọ́ wọn mọ irin, àmọ́ ìṣirò ọdún kìíní fẹ́rẹ̀ẹ́ lé wọn lọ. Série C ni èmi ti wá. Ohun tó gbé wa já ni pé a ń kọ́ ara wa lálẹ́: mo ṣàlàyé ìṣirò fún wọn, wọ́n sì kọ́ mi bí a ṣe ń ka àwòrán ẹ̀rọ, kí n lè fojú inú rí ohun tí àwòrán náà fi pamọ́ sẹ́yìn. Àwọn tó dá nìkan kàwé, ojú wọn rí màbo.

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ wa, yálà ti ooru, ti ìṣàn omi, tàbí ti agbára irin, ọ̀kan ló padà wá bọ́ mi. Irin máa ń rẹ̀. Ẹrù tí irin gbé lẹ́ẹ̀kan tí kò ṣe é ní nǹkan kan, ó lè ṣẹ́ ẹ bó bá gbé e ní ìgbà mílíọ̀nù kan. August Wöhler, ará Jámánì tó ń bá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ṣiṣẹ́, ló fi ọ̀pá tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń yí lé lórí dán èyí wò ní nǹkan bí 1860. Ibi tí ọ̀pá ti ń tóbi tó wá tínínrín lójijì, tí igun ibẹ̀ mú, ni sísán ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Á máa wọlé díẹ̀díẹ̀, kò sẹ́ni tó ń rí i, títí tí irin tó kù kò fi ní lè gbé ẹrù mọ́. Ọjọ́ yẹn ló ń kán. Bí ẹ bá wo ojú ibi tó kán, apá kan á jọ̀lọ̀, ìlà wẹ́wẹ́ á tẹ̀ lé ara wọn níbẹ̀ bí ipa ìgbì omi lórí yanrìn. Apá kejì á rí págunpàgun. Mo gba máàkì tó dára nínú ẹ̀kọ́ yìí. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé òun ni yóò fún mi níṣẹ́.

Torí ìwé ẹ̀rí dé, iṣẹ́ ò dé. Mo kọ lẹ́tà káàkiri Kútọnu. Ibi tí wọ́n ti gbà mí, ìkọ́ṣẹ́ tí kò ní owó oṣù ni, owó ọkọ̀ tí mò ń ná sì ń ti ọwọ́ bàbá mi wá. Nígbà tí ó sú mi, mo padà sí Parakou. Ẹni tí kò bá tíì padà sílé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí láìní iṣẹ́, kó máa dúpẹ́. Àwọn aládùúgbò ń gbé jẹnẹrétọ̀ wá kí n bá wọn wò ó. Wọn kò fi mí ṣẹ̀sín, wọ́n gbà pé iṣẹ́ mi ni. Ìyá mi ń ṣàlàyé ní ọjà pé ọmọ òun ń dúró de ibi kan tó ti fẹ́ bọ́ sí i. Kò síbi kankan. Mo mọ̀, òun náà mọ̀, a kì í sọ ọ́ láàárín ara wa. Ọ̀pọ̀ òru ni mo fi ń wojú àjà.

Alájì kan, tọ́nà, ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin. Wọn kò lọ sílé ìwé rí. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí n máa wá ṣiṣẹ́. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ẹnjiníà, o lè gbálẹ̀?" Mo ní mo lè gbálẹ̀, Alájì. Mo gbá a. Bí irin bá ti wọlé, wọ́n á gbé e lé mi lọ́wọ́: "Kí lo rí?" Wọn kì í sọ tiwọn kí n tó sọ tèmi. Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé béárìn tó fẹ́ bàjẹ́ máa ń gbóná kó tó kígbe, àti pé ẹ̀yìn ọwọ́ la fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́.

Alájì ló mú mi dé ilé iṣẹ́ òwú kan tí n kò ní dárúkọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ̀rọ ibẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ayùn roboto lọ́pọ̀lọpọ̀ ni wọ́n tò sórí ọ̀pá kan, wọ́n ń fa òwú gba àárín irin tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá. Àyè ibẹ̀ kò gba kóró, òwú nìkan ló ń ráyè. Fáànù ńlá ń fa òwú nínú páìpù láti ẹ̀rọ kan sí èkejì, ẹ̀rọ ìtẹ̀ á sì tẹ̀ ẹ́ di ìdì tó wúwo ju kìlò 200 lọ. Bí fáànù kan bá dúró, gbogbo rẹ̀ dúró, àwọn ọkọ̀ tó kó òwú wá á sì tò sẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀pá fáànù kan níbẹ̀ ń kán lemọ́lemọ́. Wọ́n á jó o pọ̀, á tún kán ní ẹ̀gbẹ́ béárìn kan náà. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi irin tó kán hàn mí. Ojú rẹ̀ jọ̀lọ̀ ní apá kan, ìlà wà níbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti igun tó mú bí ọ̀bẹ. Ooru tí wọ́n fi ń jó o pọ̀ tún ń mú un burú sí i. Mo ya àwòrán ọ̀pá tuntun, mo sọ fún Alájì pé kí wọ́n má gbẹ́ igun yẹn ní mímú, kí wọ́n jẹ́ kó tẹ̀ kọdọrọ. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Bí o bá fi irin sílẹ̀ níbẹ̀, béárìn ò ní jókòó dáadáa." Òótọ́ ni. N kò ronú dé ibẹ̀ nítorí kò sí béárìn gidi kankan nínú ìṣirò mi. Wọ́n wá gbẹ́ òrùka kan, wọ́n gé etí rẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kó lè fò kọjá ibi tó tẹ̀ kọdọrọ, béárìn sì jókòó ti òrùka náà. Ọ̀pá yẹn la fi parí sáà òwú ọdún náà. Èmi nìkan kò lè ṣe é, Alájì nìkan kò lè ṣe é. Wọ́n fún mi ní ìwé àdéhùn.

Sáà òwú ni ìwé àdéhùn náà wà fún, láti ìgbà ọyẹ́ títí òjò yóò fi fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, owó oṣù dúró, àfi bí wọ́n bá pè mí fún àtúnṣe. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi gbé bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni etí òsì mi lọ sí. Ariwo àwọn ayùn yẹn kì í sinmi tọ̀sán tòru, ẹnikẹ́ni kò fún wa ní ohun ìbòtí. Nísinsìnyí, bí ọmọ mi bá pè mí láti apá òsì, mi ò ní gbọ́. Mo ń sọ èyí fún gbogbo òbí tó bá bi mí léèrè, torí owó tí wọ́n máa fi ra ìbòtí kò tó nǹkan, etí ò sì ṣeé rà.

Iṣẹ́ wo ló wà níbẹ̀, nígbà náà? Ìtọ́jú ẹ̀rọ ló pọ̀ jù, mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọ gbà á láìka ìyẹn sí ìjákulẹ̀. Láti 2024, ìjọba Benin kò gba kí wọ́n kó kajú tútù jáde nílẹ̀ wa mọ́. Kajú tó bá sì dúró nílé ń fẹ́ ẹ̀rọ tí ń sè é, tí ń fọ́ ọ, tí ń gbẹ ẹ́, àti ẹni tó lè tọ́jú wọn. Páìpù epo tó ti Agadem ní Niger wá sí Sèmè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,000 kìlómítà, ó sì gba àríwá wa kọjá pẹ̀lú pọ́ǹpù rẹ̀. Ilé iṣẹ́ aṣọ wà ní Glo-Djigbé, ibùdó ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ Songhaï wà, yàrá òtútù wà, ilé ìwé iṣẹ́ ọwọ́ ń wá olùkọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ré kọjá sí Nàìjíríà, kó ti mọ̀ pé COREN, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà, ní láti fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé kó tó lè máa pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà níbẹ̀.

Àwọn kan á ní iṣẹ́ ọlọ́wọ́ dúdú rèé, kì í ṣe ti ọ̀mọ̀wé. Mo máa ń rán wọn létí Ayọ̀délé Awójobí, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Èkó tó kú ní 1984. Ìmọ̀ ìgbọ̀nrìrì, tó le bí ojú ẹja, ló fi gba oyè. Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí kan náà ló tú jíìpù ológun palẹ̀, tó tún un tò kó lè máa sáré síwájú àti sẹ́yìn bákan náà, tó pè é ní Autonov 1.

Mo ní màá padà sórí ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ tó jìnnà sí wa: ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí ẹ̀ka génie mécanique wà ní Parakou. Kò ní ná ìjọba tó bí àwọn kan ṣe rò. Ẹ̀rọ ìgbẹ́rin díẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́, yàrá kan tí wọ́n ti ń wọn nǹkan, àwọn tọ́nà àgbà tí wọ́n á san owó fún kí wọ́n wá kọ́ni, àti ìwé àṣẹ láti wọ àwọn ilé iṣẹ́ òwú nígbà òjò. Nígbà òjò ni wọ́n ń tú gbogbo ẹ̀rọ sílẹ̀ fún àtúnṣe, tí inú wọn hàn gbangba. Àsìkò yẹn gan-an ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa wà ní ìsinmi ní ilé, tí wọn kò ríṣẹ́ ṣe.