Dọ́là Méjì Lẹ́nu Ọ̀nà

Ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan lẹ́bàá Ìwó Road, n'Íbàdàn, ni ọ̀rọ̀ yìí ti wáyé. Ẹ̀gbọ́n Làmídì ti lo ọdún 39 nídìí iṣẹ́ ọkọ̀ láì kúrò nílùú. Àbúrò rẹ̀, Àkànjí, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Houston dé, lẹ́yìn ọdún 14 tó ti wà ní Texas. Píkáàpù Peugeot 504 Ẹ̀gbọ́n Làmídì ló wà láàárín wọn. Wọ́n ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ooru sì ń rú jáde. Ráṣídì, ọmọ iṣẹ́ Ẹ̀gbọ́n Làmídì, wà nítòsí.

LÀMÍDÌ: Àkànjí, fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ níjọ́sí ṣì ń dùn mí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ dúró ti jíìpù tuntun, ìwọ dúró ti píkáàpù kan tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí bí ògiri ilé àtijọ́. Mo fi han ìyá wa, wọ́n ní ṣé ọmọ àwọn ń jẹun ṣá?

ÀKÀNJÍ: Mò ń jẹun, ẹ̀gbọ́n. Ford F-150 ọdún 1994 lẹ rí yẹn, òun gan-an ló sì ń bọ́ mi. Òru ni mò ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí. Bó bá di Sátidé, màá fi bá àwọn ará wa kó ẹrù láti ilé dé ilé.

LÀMÍDÌ: Ọkọ̀ tó lé lọ́gbọ̀n ọdún, nílẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń ṣe tuntun lójoojúmọ́!

ÀKÀNJÍ: Ibẹ̀ gan-an ló ti dáa láti ní in. Láti 1977 títí di bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, kò sí píkáàpù tó tà tó ti ìdílé F yẹn lọ́dọ̀ wọn. Ohun tó bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, òkú rẹ̀ á pọ̀, páàtì rẹ̀ ò ní wọ́n, ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe ò sì ní wọ́n.

LÀMÍDÌ: Bí 504 ṣe rí níbí nìyẹn. Láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná lọ́dún 1975, mẹkáníìkì tó bá mọ 504 kì í febi sùn. Eélòó lo rà á?

ÀKÀNJÍ: 1,800 dọ́là, lọ́wọ́ bàbá àgbàlagbà kan. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ ni mo wò rà á. Sílíńdà mẹ́fà ló tò tẹ̀ léra lórí ìlà kan, lítà 4.9. Láti 1965 dé 1996 ni wọ́n fi ń ṣe irú rẹ̀. Kò ní bẹ́líìtì táímínì, kò ní ṣéènì táímínì. Gíá ló fi ń wa káḿṣáàfù.

LÀMÍDÌ: Gíá sí gíá? Hẹ̀n-ẹ́n. Ohun tí kò sí níbẹ̀, kò lè já nìyẹn. O wò ó dáadáa.

ÀKÀNJÍ: Kí n tó wo ẹ́ńjìnì, abẹ́ ọkọ̀ ni mo kọ́kọ́ wọ̀ pẹ̀lú òòlù. Mò ń kan ṣáásì láti iwájú dé ẹ̀yìn, mo sì ń fetí sí ìró rẹ̀. Lókè lọ́hùn-ún, ní Michigan àti Ohio, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ yẹn á wọ inú ṣáásì, á mú un dógùn-ún. Lókè, ọ̀dà ń dán. Nísàlẹ̀, ẹ lè fi ìka gún irin. Ọkọ̀ tèmi ò kúrò ní Texas rí.

LÀMÍDÌ: Áà! Ohun tó ṣe jíìpù tọ́kùnbọ̀ Alájì, oníbàárà mi, nìyẹn! A jó o títí, gáàsì tán, irin ń jẹ irin. Mo rò pé omi òkun ló wọ̀ ọ́ nínú ọkọ̀ ojú omi.

ÀKÀNJÍ: Ó lè jẹ́ òkun, ó lè jẹ́ iyọ̀ títì. Ẹ ṣáà máa gbé òòlù dání. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín láti àná, tí àlejò ò jẹ́ n sọ, ni ti ọgbà òkú ọkọ̀ ní Houston.

LÀMÍDÌ: Kí ni mo fẹ́ gbọ́ níbẹ̀? Ọjà páàtì Ládípọ̀ wà ní Mushin. Gate wà níbí.

ÀKÀNJÍ: Ní Ládípọ̀ àti ní Gate, ẹlòmíì ti tú páàtì kalẹ̀ dè yín. Ní ọgbà òkú ọkọ̀, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó tú u. Dọ́là méjì péré lẹ ó san lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ó fọwọ́ síwèé pé bí irin bá ṣe yín léṣe, ẹ̀yin lẹ fà á. Wọ́n á yẹ àpótí irinṣẹ́ yín wò. Jáàkì kò gbọdọ̀ wọlé, iná tí wọ́n fi ń gé irin kò gbọdọ̀ wọlé. Ó tán. Ẹ máa lọ.

LÀMÍDÌ: Máa lọ síbo?

ÀKÀNJÍ: Sáàárín ọkọ̀! Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo pápá ìṣeré tó tóbi, kó jẹ́ ọkọ̀ nìkan ló kún ibẹ̀. Ford ní ìlà tirẹ̀, Chevrolet ní tirẹ̀, Toyota àti Honda wà lápá ọ̀tọ̀. Kí ọkọ̀ tó wọlé, wọ́n ti fa epo, ọ́ìlì àti gáàsì ẹ̀rọ amútútù kúrò lára rẹ̀, kó má ṣàn wọnú ilẹ̀. Wọ́n á jó ríìmù méjì pọ̀, wọ́n á gbé ọkọ̀ lé e, kí ènìyàn lè ráyè wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń tú ilẹ̀kùn. Ẹni tó fẹ́ ẹ́ńjìnì odindi, ó ń tú ẹ́ńjìnì.

LÀMÍDÌ: Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ wọn?

ÀKÀNJÍ: Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń ṣọ́ni, níbi ìsanwó. Iye rẹ̀ sì wà lára pátákó. Ọtanétọ̀ ni ọtanétọ̀. Ìbáà jẹ́ ti ọkọ̀ olówó, ìbáà jẹ́ ti mẹ̀kúnnù, iye kan náà ni.

LÀMÍDÌ: A ò ní ná an?

ÀKÀNJÍ: Ẹ ò ní ná an.

LÀMÍDÌ: Ọjà tí a kò ná, ọjà wo nìyẹn? N ò lè débẹ̀. Ara mi ò ní gbà á.

ÀKÀNJÍ: Ẹ ó débẹ̀, ẹ ò sì ní fẹ́ kúrò. Ṣé ẹ mọ àwọn tí mo bá níbẹ̀? Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tó ń tú gíláàsì ẹ̀gbẹ́. Ọmọ ilé-ìwé. Àwọn ará Mexico tí wọ́n kó ìdílé wá, tí oúnjẹ wà nínú kúlà. Mo bá dókítà kan lábẹ́ Chevrolet, ọ́ìlì dúdú dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

LÀMÍDÌ: Dókítà! Owó ni kò ní àbí orí rẹ̀ ló dàrú?

ÀKÀNJÍ: Wákàtí kan lọ́dọ̀ mẹkáníìkì lè ju 100 dọ́là lọ, páàtì ò sí nínú rẹ̀. Iye owó ọwọ́ ló lé wọn wọ abẹ́ ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ó dùn mọ́ wọn, wọn ò jáde mọ́.

LÀMÍDÌ: Ọgọ́rùn-ún dọ́là! Wákàtí kan! Ráṣídì, o gbọ́? Alájì tó ń yọ mí lẹ́nu nítorí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, á wá bá mi lónìí yìí!

ÀKÀNJÍ: Ẹ jẹ́ n parí ẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo lọ, kíkì sítátà ni mo wá. Bóòtù kan ti dógùn-ún, mo fi gbogbo agbára fà á, kò mira. Bàbá ará Mexico kan yà sọ́dọ̀ mi. Kò gbọ́ òyìnbó púpọ̀. Ó fọ́n epo sí i, ó jókòó, ó ní kí n dúró. Lẹ́yìn náà ó fi òòlù kan orí bóòtù jẹ́jẹ́, ó kọ́kọ́ fún un díẹ̀ sí i, ìgbà yẹn ló tó wá tú u. Ó sì yọ.

LÀMÍDÌ: Kọ́kọ́ fún un kó o tó tú u! Ohun tí mo kọ́ Ráṣídì lọ́sẹ̀ tó kọjá nìyẹn! Ráṣídì, ṣé o rí i? Wọ́n mọ̀ ọ́n ní Mexico!

ÀKÀNJÍ: Ẹ wá wo èyí tó yà mí lẹ́nu jù. Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun lára ọkọ̀ mi, màá kọ́kọ́ lọ tú irú rẹ̀ lára òkú ọkọ̀. Bí mo bá ṣẹ́ nǹkan níbẹ̀, kò dun ẹnikẹ́ni. Bí mo bá fi máa délé, mo ti mọ bóòtù tó fara pamọ́, mo ti mọ wáyà tí kò gbọdọ̀ já. Mo fi ìwé atọ́nà kan tì í, irú èyí tí wọ́n ya àwòrán gbogbo nọ́ọ̀tì sí. Dọ́là méjì ni owó ilé-ẹ̀kọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ọdún mélòó lẹ lò lọ́dọ̀ ọ̀gá yín kó tó jẹ́ kí ẹ ṣí kàbùrétọ̀?

LÀMÍDÌ: Ọdún mẹ́ta. Bó bá sì fẹ́ ṣí i, á ní kí n lọ pọn omi wá.

ÀKÀNJÍ: Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. A ń fi ìmọ̀ pamọ́ bí ẹni fi owó pamọ́. Níbẹ̀, ó wà nílẹ̀ gbalaja.

LÀMÍDÌ: Má sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá mi bọ́ mi, ó ṣe fìrídọ́ọ̀mù fún mi. Ìwé wo ló ń bọ́ ọmọ? Àti pé ẹ̀yin tí ẹ ń tú, ta ló ń tún un ṣe nínú yín? Ẹ ń pààrọ̀ ni. Bí sílíńdà 504 yìí bá jẹ, mo lè yọ sílífù rẹ̀ jáde kí n fi òmíì sí i, láì gbé búlọ́ọ̀kù sọ nù. Bí kíkì sítátà bá kú, Ráṣídì á pààrọ̀ kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀, á jí.

ÀKÀNJÍ: Òótọ́ lẹ sọ, n ò lè jà yín níyàn lórí ìyẹn. Wọ́n ń tún un ṣe náà, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe é. Bí ẹ bá ra kíkì sítátà, wọ́n á fi owó kan lé e. Ẹ gbé òkú tiyín wá, wọ́n á dá owó yẹn padà. Ilé ìtajà kan náà á yá yín ní irinṣẹ́ tí ẹ ò ní. Ẹ fi owó rẹ̀ sílẹ̀, ẹ dá a padà, ẹ gba owó yín pé.

LÀMÍDÌ: Yá mi ní irinṣẹ́? Sípánà 10 tí mo yá aládùúgbò mi lọ́dún 2019, n ò tíì rí i.

ÀKÀNJÍ: Ọkọ̀ yẹn tún máa ń bá mi sọ̀rọ̀. Àwọn Ford ìgbà yẹn, kó tó di 1996 tí gbogbo ọkọ̀ wọn ń lo ojú ihò kan náà fún kọ̀ǹpútà, wáyà kékeré kan lẹ ó fi so ihò méjì pọ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Iná tó wà ní dáṣíbọ́ọ̀dù á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Ẹ máa kà á. Bó bá ṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan, kò rí àléébù kankan. Bó bá jẹ́ òǹkà mìíràn, ẹ lọ wò ó nínú ìwé. Kò ná mi ní kọ́bọ̀.

LÀMÍDÌ: Ìyẹn wù mí. Àwọn píkáàpù gíga ńkọ́, tí ènìyàn ní láti gun àkàsọ̀ kó tó wọ̀ ọ́?

ÀKÀNJÍ: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bí mi nínú. Ọmọkùnrin kan ní àdúgbò wa ná 3,000 dọ́là láti gbé píkáàpù sókè kó sì fi táyà gìrìwò sí i. Táyà ńlá ń jẹ́ kí mítà eré parọ́. Ó ń sọ pé 60, eré gidi ti kọjá bẹ́ẹ̀. Pírópélà ò dúró bó ṣe yẹ mọ́, ọkọ̀ tètè ń dojú dé, bíréèkì tí wọ́n ṣe fún táyà kékeré ló sì ń dá táyà ńlá dúró. Bíréèkì ẹ̀yìn rẹ̀ ń jò! Mo rí i! Láti oṣù kìn-ín-ní 2025, Texas ò yẹ bíréèkì ọkọ̀ àdáni wò mọ́, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa sọ fún un. Àwọn mìíràn ń rẹ ọkọ̀ sílẹ̀ títí á fi fẹ́ ha ilẹ̀. Ti Houston gan-an ni ríìmù tó yọ ìgbọ̀nwọ́ síta bí ọ̀pá. Ẹni tí owó rẹ̀ kéré, bíréèkì, táyà, ìdarí ọkọ̀ àti omi ẹ́ńjìnì ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ owó yẹn tán.

LÀMÍDÌ: Ìwọ náà ò ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ rárá?

ÀKÀNJÍ: Pákó ni mo fi ṣe é. Ara etí báàdì píkáàpù ní ihò onígun mẹ́rin. Mo ki igi bọ̀ ọ́, mo kan pákó mọ́ ọn yíká. Ẹrù tó ń gbà di ìlọ́po méjì, owó pákó ò ju 60 dọ́là lọ.

LÀMÍDÌ: Bọ́lẹ̀kájà! O lọ ṣe bọ́lẹ̀kájà ní Amẹ́ríkà! Bí àwọn baba wa ṣe fi pákó kọ́ ara lé ṣáásì Bedford nìyẹn. Ìwọ kọ́ lo dá a sílẹ̀ o.

ÀKÀNJÍ: Mo mọ̀. Òun gan-an ni mo rántí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká wá wo èyí tó wà níwájú wa. Kí ló dé tó ń gbóná?

LÀMÍDÌ: Ọkọ̀ tó ti darúgbó, á gbóná.

ÀKÀNJÍ: Omi kànga ló wà nínú rẹdiétọ̀ yìí. Ó pupa bí ẹrẹ̀. Tẹmositáàtì rẹ̀ dà?

LÀMÍDÌ: Mo ti yọ ọ́. Gbogbo wa la máa ń yọ ọ́. Ti ilẹ̀ òtútù ni.

ÀKÀNJÍ: Irọ́ tí a jọ ń pa fúnra wa nìyẹn! Oòrùn Houston ní oṣù kẹjọ kì í ṣe ti òtútù, tẹmositáàtì sì wà nínú gbogbo ọkọ̀ ibẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tètè dé ìwọ̀n ooru tó yẹ, kó má sì kọjá rẹ̀. Bí ẹ bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ nínú òtútù láàárọ̀, ó ń jẹ epo, ó ń jẹ ara rẹ̀. Omi lásán sì ń mú inú búlọ́ọ̀kù dógùn-ún. Ògùn-ún yẹn ló ṣí kúrò tó lọ dí ojú rẹdiétọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ lè yọ sílífù, ẹ wá ń fi omi kànga pa á!

LÀMÍDÌ: O ń pariwo lé ẹ̀gbọ́n rẹ lórí.

ÀKÀNJÍ: Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ọkọ̀ náà ló ń ṣe mí láàánú.

LÀMÍDÌ: ... Bí a bá fọ rẹdiétọ̀, tí a fi omi ẹ́ńjìnì aláwọ̀ ewé sí i, tó bá tún gbóná ńkọ́?

ÀKÀNJÍ: A ó wá wo pọ́ńpù omi. Owó tèmi ni.

LÀMÍDÌ: Ráṣídì! Gbéra, lọ sí Gate. Bèèrè tẹmositáàtì 504, kí o sì ra omi aláwọ̀ ewé gálọ́ọ̀nù kan.

ÀKÀNJÍ: Kó mú tẹmositáàtì àtijọ́ dání, kí wọ́n fi wé e.

LÀMÍDÌ: Èwo ni àtijọ́? Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti jù ú nù.

ÀKÀNJÍ: Kò burú. Ẹ jẹ́ n tú ilé rẹ̀, kó mú ìyẹn lọ, kí wọ́n fi wọn ẹnu rẹ̀. Ẹ fún mi ní sípánà.