Ta Ni Oníbodè?

Nínú igbá kan tí ìyá bàbá mi fi pamọ́ sábẹ́ ibùsùn rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ni mo ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan owó ẹyọ. Oríṣi méjì ló wà níbẹ̀: àwọn kan kéré, wọ́n ń dán, àwọn kan tóbi, wọn ò wuyì tó bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà ní n kò gbọdọ̀ pa wọ́n pọ̀, nítorí àwọn kékeré ni ojúlówó. Mo ti dàgbà kí n tó mọ ìtàn tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn kékeré wá láti erékùṣù Maldives. Ọkọ̀ òyìnbó ló ń kó wọn wá. Nígbà tó di àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò Jámánì láti Hamburg bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ńlá, tí wọ́n rà lọ́pọ̀ ní Zanzibar, wọ Èkó. Ẹyọ kún ìlú débi pé kò níyì mọ́. Ọ̀kẹ́ kan, tí í ṣe 20,000 ẹyọ, kò ra ohun tó ń rà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹni tó ti kó ọrọ̀ jọ sínú àpò di òtòṣì láìjẹ́ pé olè wọ ilé rẹ̀. Àwa là ń ná owó náà, àwa là ń sín in sókùn ní ogójì-ogójì, ṣùgbọ́n àṣẹ ibi tó ti ń wá kò sí lọ́wọ́ wa.

Igbá yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn lọ́dún 2022, nígbà tí mo fẹ́ fi káàdì náírà mi ra ìwé kan lókè òkun. Báńkì mi ní ogún dọ́là péré ni mo lè ná lóṣù. Nígbà tó yá, wọ́n ní káàdì náà kò ṣiṣẹ́ lókè òkun mọ́ rárá. Kì í ṣe àwọn tó ni àmì orí káàdì, bíi Visa àti Mastercard, ló tilẹ̀kùn, dọ́là ló wọ́n. Àmọ́ mo wo àmì òkèèrè tó wà lórí káàdì náà, mo sì bi ara mi pé: nígbà tí mo bá fi í ra oògùn ibà nítòsí ilé mi, kí ni ó ń ṣe níbẹ̀?

Láyé àtijọ́, ẹni tó bá gbé ẹrù wọ Ìbàdàn yóò san owó bodè lẹ́nu odi. Oníbodè wà nínú ìsanwó òde òní náà. Bí mo bá ki káàdì bọ ẹ̀rọ POS ní Bódìjà, iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà rán yóò ti báńkì ọlọ́jà gba ọ̀nà ilé iṣẹ́ abẹ́lé kan tó ń so àwọn báńkì pọ̀ lọ sí báńkì mi. Báńkì mi á wò ó bóyá owó wà níbẹ̀, ìdáhùn á sì gba ọ̀nà kan náà padà. Ará Ìbàdàn ni mí, ará Ìbàdàn ni ọlọ́jà, náírà la jọ ń ná. Síbẹ̀, bí àmì náà bá jẹ́ ti òkèèrè, oníbodè òkèèrè á gba tirẹ̀ lọ́wọ́ àwọn báńkì wa, dọ́là ni wọ́n sì fi ń san ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Èyí dùn mí.

A kò kúkú káwọ́ gbera. Ọdún 1993 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà àti àwọn báńkì yòókù dá NIBSS, ilé iṣẹ́ tó ń so àwọn báńkì pọ̀, sílẹ̀. Interswitch gbé káàdì Verve jáde ní 2009. Káàdì AfriGo tẹ̀ lé e ní oṣù kìíní 2023. Èyí tó wú mi lórí jù ni NIP, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2011, tó ń gbé owó láti báńkì kan sí òmíràn lójú ẹsẹ̀. Òun ló jẹ́ kí aláta lè sọ pé, “Ẹ ṣe tiransífà,” kó sì máa retí alẹ́ẹ̀tì.

Bí mo bá bi ara mi pé kí nìdí tí ọ̀nà tiwa fi ṣe pàtàkì, Rọ́ṣíà ni mo máa ń rò jù. Ní oṣù kẹta 2014, lẹ́yìn tí wọ́n gba Crimea tí Amẹ́ríkà sì fòfin de àwọn ará Rọ́ṣíà kan, káàdì Visa àti Mastercard àwọn báńkì kan kú mọ́ àwọn oníbàárà lọ́wọ́. Lọ́dún náà gan-an ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ ìsanwó abẹ́lé sílẹ̀. Káàdì tiwọn, Mir, jáde ní 2015. Nígbà tí Visa àti Mastercard fi ìlú náà sílẹ̀ ní oṣù kẹta 2022 nítorí ogun tí Rọ́ṣíà gbé ti Ukraine, àwọn káàdì tó wà lọ́wọ́ ará ìlú ṣì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lé, nítorí ọ̀nà abẹ́lé ló ti ń gbé wọn. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Ukraine tí wọ́n gbógun tì ni ọkàn mi wà. Ṣùgbọ́n ìlú tó bá fẹ́ sùn dáadáa gbọ́dọ̀ mọ̀ pé bodè òkèèrè ṣeé tì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Íńdíà ò tilẹ̀ dúró de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó gbé káàdì RuPay jáde ní 2012 àti ètò ìfowóránṣẹ́ UPI ní 2016.

Ọ̀nà tiwa náà ń fẹ́ ìtọ́jú o. Ní oṣù kejì 2023, nígbà ọ̀wọ́n owó bébà, mo ra èlùbọ́ lọ́wọ́ ìyá arúgbó kan ní Bódìjà. Owó kúrò lọ́dọ̀ mi, kò dé ọ̀dọ̀ wọn. A jọ ń wo fóònù wọn títí oòrùn fi yí. Ojú tì mí, mo fẹ́ dá èlùbọ́ padà.

“Máa gbé e lọ, ọmọ mi. Bó bá wọlé, màá rí i.”

Ọjọ́ kẹta ni mo padà lọ. Wọ́n gbé fóònù sí mi lójú kí n tó kúnlẹ̀ tán.

“Ó dé lánàá. Ó kàn pẹ́ lọ́nà ni.”