Láti Costain dé Nguru: Ọdẹ Pẹ́pẹ́yẹ àti Afinimọ̀nà Rẹ̀

Ẹni tí ó bá dúró ní Costain, ariwo ọkọ̀ Apápá àti ti Surulérè ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n àbàtà ni ilẹ̀ Iganmu tí ó wà nítòsí rẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ Gbọ̀ngàn Tíátà tí a lò fún FESTAC ní 1977, lékèélékèé kò sì tíì gbàgbé ibẹ̀. Nítòsí bákan náà ni ojú irin àtijọ́ gbà, èyí tí ó lọ sí Kano, tí ẹ̀ka rẹ̀ sì parí sí Nguru ní ìpínlẹ̀ Yobe. Àgbègbè Nguru yìí ni àwọn ẹyẹ àlejò ń sọ̀ sí.

Nígbà tí ewé bá ń wọ́ ní Yúróòpù, tí òtútù sì ń dé, pẹ́pẹ́yẹ kékeré kan tí àwọn òyìnbó ń pè ní garganey á gbéra. Á fò kọjá aṣálẹ̀ Sahara, á sì wá lo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ní àbàtà Hadejia àti Nguru. Níbẹ̀ ni yóò bá àwọn onílé: pẹ́pẹ́yẹ olójú funfun tí ń súfèé, àti gúùsì ńlá tí ẹ̀gún mímú wà ní apá rẹ̀.

Ọdẹ tí ó jẹ́ àlejò kò lè dá irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ dẹ. Ní Sẹ̀nẹ̀gàl, ọdẹ á gba ìwé àṣẹ, á sì wá afinimọ̀nà. Afinimọ̀nà á mú un jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, á fi í pamọ́ sínú koríko, á ní kí ó kẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́, nítorí pẹ́pẹ́yẹ máa ń kọjú sí afẹ́fẹ́ bí ó bá ń bà. Òun ni yóò sọ pé, “Yìn ín!” Òun náà ni yóò sọ pé, “Ó tó!” Ọ̀rọ̀ kejì yìí ni a fi ń mọ afinimọ̀nà rere.

Ààlà wà. A kì í dẹ ẹyẹ ní Djoudj, ọgbà ìjọba Sẹ̀nẹ̀gàl láti 1971, tàbí ní apá àbàtà Nguru tí ó bọ́ sínú ọgbà Chad Basin ní 1991. Ní ọdún 1991 kan náà ni Amẹ́ríkà fòfin de ọta òjé fún ọdẹ pẹ́pẹ́yẹ, nítorí ẹyẹ ń gbé e mì bí òkúta wẹ́wẹ́, ó sì ń pa wọ́n.

Omi Nguru pàápàá ti dínkù láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ dáàmù Tiga ní 1974 àti ti Challawa ní 1992. Bí omi bá sì ti kéré, ẹyẹ á kó jọ sí ojú kan, pípa wọn á wá rọrùn jù.

Diutarónómì 22:6-7 kò gbà kí á kó ìyá ẹyẹ pọ̀ mọ́ ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ kọ́ ọmọ tí ń fi kànnàkànnà lé lékèélékèé ní ọ̀rọ̀ afinimọ̀nà yẹn: ó tó.