Ibi Tí Àgbàrá Wa Ń Lọ

Abẹ́òkúta ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ tíṣà, ilé wa kò sì jìnnà sí odò Ògùn. Ní ìsinmi gígùn tí ó kọjá, mo lọ kí àbúrò bàbá ìyàwó mi tí ó ń pẹja ní Makoko, l'Ékòó. Bàbá gbé mi sínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, a kọjá lábẹ́ afárá gígùn nì tí wọ́n ṣí ní 1990, mọ́tò ń hó lé wa lórí bí oyin.

Ewé tútù tẹ́ lórí ọ̀sà bí ẹní.

Mo ní, "Bàbá, ojú-oró yìí mà pọ̀ o!"

Ó rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, èyí kì í ṣe ojú-oró. Àjòjì ni."

Òótọ́ ni. Gúúsù Amẹ́ríkà ni orísun rẹ̀. Ní 1984 ni a kọ́kọ́ rí i lórí omi wa. Ó ń fa àwọ̀n ya, ó sì ń dí ọkọ̀ lọ́nà.

Kí ni ó ń bọ́ ọ? Náítírójìn ni. Nínú ọgọ́rùn-ún ìpín afẹ́fẹ́, 78 ni í ṣe, ṣùgbọ́n bí ó ti wà nínú afẹ́fẹ́, ewéko kò lè jẹ ẹ́. Ní 1913 ni àwọn ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ sọ ọ́ di ajílẹ̀ ní Oppau. Oúnjẹ pọ̀ sí i, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ohun ọ̀gbìn kò bá lò, òjò a gbá a sódò. Èyí tí a bá jẹ, inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ni ó ń bá jáde. Èéfín mọ́tò pàápàá ní tirẹ̀, tí òjò ń fọ̀ wálẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ọkọ̀ agbépòó fi ń da ẹrù wọn sọ́sà ní Ìddó. Èyí tí ewé kò bá jẹ tán níbẹ̀, ọ̀nà tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọ Àpápá ni ó ń gbà bọ́ sínú òkun, fún àwọn ewé wínníwínní tí ojú kò lè rí lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn a yó, wọn a kú, wọn a jẹrà. Jíjẹrà wọn a sì gba afẹ́fẹ́ inú omi mọ́ ẹja lọ́wọ́.

Mo ṣàlàyé tán. Bàbá ní, "Tíṣà, ilé tiyín ńkọ́? Níbo ni tiyín ń lọ?"

Mo dorí kodò. Bí òjò ńlá bá ń rọ̀ lóru, a máa ń ṣí ihò ìgbọ̀nsẹ̀ wa sí gọ́tà. Èmi ni mo di tọ́ọ̀ṣì mú ní ọdún tó kọjá. Gọ́tà ń lọ sí Ògùn, Ògùn ń lọ sí ọ̀sà.

"Bàbá, ọ̀dọ̀ yín ni ó ń bọ̀."

Kò fèsì. Ó ń wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo délé, mo pe gbogbo ayálégbé jọ. Owó ọkọ̀ agbépòó ni a ń dá báyìí. Ẹni méjì kò tíì san. Bí awakọ̀ náà bá dé, n óo bi í léèrè ibi tí òun náà ń dà á sí.