Òrùlé Kò Ṣe É Pín

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí ni eji ń pa. Ṣùgbọ́n òjò tí ó bá ènìyàn nínú ilé, lórí ẹní rẹ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀, nítorí bí ilé bá ti ń jò, ìbéèrè tí ó kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu àwọn ará ilé kì í ṣe pé, “Níbo ni ihò wà?” bí kò ṣe pé, “Yàrá ta ni?” Lórí ìbéèrè yìí ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ̀rọ̀ díẹ̀.

Ní ilé tiwa ní Ìbàdàn, lẹ́yìn tí baba wa ti papò dà, a pín yàrá láàrin ara wa gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ilé tí baba bá fi sílẹ̀ láìṣe ìwé ìhágún, ti ẹbí ni: olúkúlùkù ní yàrá tí ó ń gbé, ṣùgbọ́n ẹnìkan kò lè dá ilé náà tà láìjẹ́ pé olórí ẹbí àti àwọn àgbà inú rẹ̀ fọwọ́ sí i.

Ní àkókò òjò ọdún kan, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán sí yàrá opó àbúrò wa kan. Ó gbé garawa sí i, ó gbé abọ́ sí i, ó ká ẹní rẹ̀ lọ sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Ìwé ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ sì rin gbingbin. Nígbà tí a pe ìpàdé, àwọn kan nínú wa ní ẹni tí òjò ń pa ni kí ó wá owó káfíńtà, nítorí yàrá rẹ̀ ni. Àwọn mìíràn ní opó ni, kí a ṣàánú rẹ̀. Obìnrin náà kò béèrè àánú. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin ọkọ mi, ẹ jẹ́ kí káfíńtà gun òkè ná, kí a mọ ibi tí omi ti ń wọlé.”

Káfíńtà gun òkè. Kò rí ihò kankan lórí yàrá opó náà. Orí yàrá ẹ̀gbọ́n wa àgbà, tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ni ìṣó méjì ti yọ sókè, tí ìpẹtà sì ti jẹ etí ihò wọn. Ibẹ̀ ni omi ń gbà wọlé, tí ó ń bá abẹ́ páànù àti ara igi òrùlé rìn, títí yóò fi dé ibi tí igi náà gbé tẹ̀, ní yàrá kejì, kí ó tó kán. Ẹni tí ihò wà lórí yàrá rẹ̀ ń sùn ní gbígbẹ. Ẹni tí kò ní ihò ni omi ń pa. Ìpàdé dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n wa ni ó kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ àpò, ṣùgbọ́n obìnrin náà tún ní kì í ṣe gbèsè tirẹ̀ nìkan. Báyìí ni a ṣe fi ohùn ṣọ̀kan pé ojú ọmọ ni a ó fi dá owó, kì í ṣe ojú yàrá. Opó náà sì san ìpín ọkọ rẹ̀ pé pérépéré.

Nígbà tí koríko àti ewé gbòdògì ni a fi ń bo ilé, òrùlé kò jẹ́ kí ará ilé gbàgbé rẹ̀, nítorí kì í pẹ́ tí yóò fi fẹ́ àtúnṣe, iṣẹ́ náà sì ju ti ẹnìkan lọ. Ní Ọ̀yọ́ pàápàá, ọdún Bẹẹrẹ wà, èyí tí Samuel Johnson ṣe àpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní 1921: koríko bẹẹrẹ tí a fi ń bo ilé ni àwọn ènìyàn ń kó wá fún Aláàfin. Páànù ní tirẹ̀ ń pẹ́. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Henry Robinson Palmer, ni ó gba ìwé àṣẹ lórí irin oníṣẹ́po bẹ́ẹ̀ ní 1829. Ṣùgbọ́n síńkì tí a fi bo irin náà ni ó ń dáàbò bò ó. Bí síńkì bá ti họ tán, ìpẹtà dé.

Nítorí náà, orí ibi tí páànù gbé yọ sókè ni a ń kan ìṣó sí, pẹ̀lú rọ́bà ní abẹ́ orí rẹ̀, kì í ṣe inú kòtò tí omi ń bá ṣàn. A kì í fi ọ̀dà kun ìpẹtà láìkọ́kọ́ ha á kúrò. Bí a bá sì fẹ́ lẹ ihò ńlá, páànù tuntun náà gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ èyí tí ó wà lókè rẹ̀, kí ó sì gun orí èyí tí ó wà nísàlẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, iṣẹ́ kan wà tí ẹ lè ṣe láìgun òrùlé. Nígbà tí ẹ bá lọ fún ìsinmi Kérésìmesì, tí ọyẹ́ ń fẹ́ tí òjò sì ti dá, ẹ ti fèrèsé gbogbo ní ọ̀sán gangan, kí ẹ wo òkè láti inú yàrá tí kò ní àjà. Níbi tí oòrùn bá ti yọjú bí ìràwọ̀, ihò ni. Ẹ kọ iye wọn sílẹ̀, yàrá dé yàrá, kí ẹ sì fi han àwọn àgbà ilé kí oṣù kẹrin tó dé. Ẹ má ṣe fo yàrá ẹnikẹ́ni.